Wọ́n Tilẹ̀kùn, Irọ́ Wà Nínú Ilé

Ẹni mẹ́fà ni wá, wọ́n sì ní ẹnì kan ṣoṣo ni wá. Wọ́n kọ ọ́ síta gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, pé èmi àti àwọn ẹni márùn-ún tí a jọ ń jókòó ní pálọ̀ mi ní Akpakpa ní Cotonou, èèyàn kan náà ni wá, tó gbé ìbòjú mẹ́fà wọ̀ láti fi tan àwọn ẹlòmíì jẹ. Mo ka gbólóhùn náà, mo tún un kà, mo wá dìde, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Bí inú bá ń bí mi, mo máa ń fọ nǹkan. Lọ́sẹ̀ yẹn, ilé mi mọ́ tónítóní.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún wa, ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ìwé ìmọ̀ ńlá kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè kọ nǹkan sí. Ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó wà ní Faransé, ó sì wà ní Yorùbá pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ohun tó sún wa dé ibẹ̀ ni pé nígbà tí a kọ́kọ́ wá àwọn ìlú Nàgó tó wà ní ilẹ̀ Benin nínú rẹ̀, ṣe ló dà bíi pé Yorùbá parí sí bọ́dà. Ìlú tí wọ́n bí mi sí, lókè lọ́hùn-ún ní agbègbè Plateau, kò ní ju ìlà kan lọ, ìlà náà kò sì pé. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ojú tì mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Lẹ́yìn mi ni Dírẹ́tọ̀ dé. Ará Kétu ni, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó tún ń pè é ní nǹkan mìíràn. Àwọn mẹ́rin yòókù ni olùkọ́ méjì, akọ̀wé ìjọba kan, àti obìnrin kan tó ń ta ìwé àti bírò. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, gbogbo wa la so kọ̀ǹpútà àti fóònù pọ́tábù wa mọ́ ọn, torí mégà tí à ń rà láti fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì wọ́n ní Cotonou, kò sì sí ìdí tí olúkúlùkù yóò fi máa ra tirẹ̀ nígbà tí a jọ wà nínú yàrá kan. Sudẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri á máa jó irin mọ́ irin, àwa náà á máa pariwo borí rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìwé kíkọ nìkan ni iṣẹ́ yìí kò tíì rí nǹkan. Ìdajì rẹ̀, ilẹ̀ gbígbá ni. Àwọn kan ń bẹ láyé tó jẹ́ pé ayọ̀ wọn ni kí wọ́n ba ohun tí ẹlòmíì ṣe jẹ́. Wọ́n á pa gbogbo ìtàn odò kan rẹ́, wọ́n á fi oríkì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn dípò rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé kan á wọlé, á kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ òun ni ọba ìlú báyìí, pé ọba náà sì máa ń tọ̀ sórí ẹní. Ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú á pa ìlà tó bí ọ̀gá rẹ̀ nínú rẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà kì í gbàgbé nǹkan kan. Gbogbo àtúnṣe ló ń tọ́jú sẹ́yìn ojú-ewé, pẹ̀lú orúkọ tí ẹni tó ṣe é fi wọlé, ì báà jẹ́ orúkọ àfiṣe, àti àkókò tó ṣe é. Tí a bá ti rí ìbàjẹ́, a ó tẹ bọ́tìnnì kan, ti àtẹ̀yìnwá á padà sípò. Ọ̀rọ̀ irú àwọn wọ̀nyẹn kì í bí mi nínú títí. Mo máa ń bú wọn nílé mi, mo sì máa ń tẹ bọ́tìnnì.

Ẹni tó ń bí mi nínú ni ẹni tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe ìkà.

Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí wọ ojú-ewé ìlú wa. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì pa nǹkan kan rẹ́. Gbólóhùn méjì péré ló tì bọ àárín ohun tí mo ti kọ: pé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, ẹrú tí ìlú rà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ni wọ́n, àti pé títí di òní, ọmọ bíbí ìlú kì í bá wọn fẹ́ra. Ó wá kọ orúkọ ìwé kan sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìwé ọ̀hún, a wá a títí, a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n, a kò rí ẹnì kan tó fojú kàn án rí.

Ìsàlẹ̀ odò ni ilé bàbá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ ni ìyá mi ṣì ń gbé.

Èmi kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe léṣe jù. Àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Agblangandan, ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ, òun náà sì fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé orin ló fi ń fọ aṣọ. Yorùbá láti Nàìjíríà ni ìdílé ọkùnrin yìí, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Godomey, ọwọ́ wọn sì mókè. A ti dá ọjọ́ ìtọrọ. Ẹ sì mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é: kí ìdílé kan tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ìdílé kejì, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí. Ṣé wèrè kò sí nínú ẹbí wọn? Ṣé kò sí àrùn tí wọ́n ń jogún? Ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá? Láyé ìyá mi, wọ́n á rán àgbà obìnrin kan lọ sí ìlú náà, á sùn níbẹ̀, á máa fọgbọ́n wádìí lẹ́nu aládùúgbò. Nísinsìnyí, pọ́tábù ni wọ́n ń yọ lápò. Mo mọ̀ pé wọ́n á yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ara mi ò fi lélẹ̀.

Mo pa irọ́ náà rẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ dá a padà. Mo tún pa á rẹ́. Ó tún dá a padà, ó sì kọ ọ́ sí mi pé ẹ̀yìn ilé bàbá mi ni mò ń gbè, kí n yé fi ìwé ìmọ̀ ṣe ti ẹbí. Mi ò kọ orúkọ bàbá mi síbi kankan nínú ìwé yẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ará ìlú wa ni, ẹni tó mọ̀ wá ni, bóyá ẹni tó ń kí mi tí mo bá lọ sílé fún ọdún. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì ń fi ojú ọ̀tá wo àwọn tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyẹn náà wà lára ohun tó jí lọ́wọ́ mi.

Òfin ìwé náà ni pé ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ máa fa ojú-ewé kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí àríyànjiyàn bá wà, kí wọ́n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lọ sí ojú-ewé ìjíròrò, kí olúkúlùkù wí tẹnu rẹ̀, kí àwọn alámòójútó, tí wọ́n ní àṣẹ ju tiwa lọ, wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ fì sí. Òfin tó dára ni. Mi ò bá òfin jà. Nígbà tó di Sátidé, mo gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi.

Dírẹ́tọ̀ yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó kọ àlàyé tó gún régé: pé ìwé tí ẹni yẹn tọ́ka sí kò sí níbi kankan, pé ìtàn ìlú náà wà nínú ìwé mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè rí kà, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé àwọn àdúgbò tó wà nílùú jọ tẹ ìlú dó ni, kò sí ẹni tó ra ẹnì kan. Kò gbé ohùn sókè, kò bú èèyàn. Ó fi ránṣẹ́, ó wá yíjú sí wa.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà kò ní yé ẹni tí wọn kò tọ́ nílé bíi tiwa. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ láwùjọ, tí ọ̀rọ̀ náà sì tọ́, àbúrò kì í tún gbé àlàyé tirẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ti àgbà kò tó. Yóò kàn ní, "Bí àgbà ti wí yìí náà ni." Ẹni tó tẹ̀ lé e á wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tún tẹ̀ lé e á wí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹnu ti kò nìyẹn. Nítorí náà, a bọ́ sí ojú-ewé ìjíròrò lọ́kọ̀ọ̀kan, a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: bí àgbà ti wí yìí náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà, kí omi tí mo gbé kaná fún tíì tó hó. Inú wa dùn. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a ti sọ̀yà.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dínà mọ́ gbogbo wa. Alámòójútó tó dá ẹjọ́ náà kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ wa kò yàtọ̀ síra, pé ojú kan náà la ti ń wọlé, pé ó hàn gbangba pé ẹnì kan ló ń fi orúkọ márùn-ún gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ó sì tún ti ojú-ewé ìlú wa pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ara gbogbo ẹni lè rọlẹ̀. Bó ṣe bá a ló ṣe tì í. Bó sì ṣe bá a ni pé irọ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbà mí o! Iná ń jó nínú ilé, àwọn panápaná dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí a ó fi mọ ẹni tó jẹ̀bi. Iná ńkọ́? Wọ́n ní àwọn kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo kọ̀wé sí wọn, kò wọlé, torí wọ́n ti dínà mọ́ mi. Obìnrin tó ń ta ìwé nínú wa pè mí, ó ní kí n fara balẹ̀, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ní kó má bínú, ṣé ogún ọdún ni kí àbúrò mi fi dúró sílé? Mo pa pọ́tábù mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn náà mo pè é padà, mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń tọrọ rẹ̀.

Ìpè tí mò ń bẹ̀rù dé. Àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó ló pè, òun àti bàbá náà ló jọ ń ṣòwò ní Godomey.

"Àlò. Àǹtí, ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"A dúpẹ́, bàbá."

"A kàn ní ká fi tó yín létí ni. Ọjọ́ tí a dá yẹn, àwọn àgbà ní ká jẹ́ ká sún un síwájú díẹ̀. Wọ́n rí nǹkan kan tí wọ́n kọ nípa ilé yín."

"Irọ́ ni, bàbá. Mo mọ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Àwa náà ò kúkú gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àmì àgádágodo wà lókè rẹ̀. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ṣé àwọn tó ni ìwé á wá fi àgádágodo tì í?"

Àmì kékeré tí wọ́n fi sí ojú-ewé pé ìjà wà níbí, òun ni àwọn èèyàn yìí kà sí òǹtẹ̀ òtítọ́. Ó ní ká ní sùúrù. Sùúrù! Ẹni tó ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rántí sùúrù.

Mo gun sẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, lọ sí Agblangandan láti lọ sọ fún àbúrò mi, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí pọ́tábù. Aṣọ ló ń ká. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Òun náà kà á, ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ó kà á," ló wí. "Láti ọjọ́ Ẹtì ni kò ti pè mí." Ó mú aṣọ mìíràn. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, ìbínú ló sì pa mí lẹ́kún.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí ẹni tí wọ́n dínà mọ́ lè fi pẹjọ́, nípa lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dírẹ́tọ̀ ló kọ ọ́. Ohun tó béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: bí alámòójútó yẹn bá rò pé ẹnì kan ni wá, kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí wa. Alámòójútó náà gbà. Nígbà tí àwòrán rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́bìnrin ni, ọmọ Yorùbá, tó ń kàwé lókè òkun, ẹ̀wù òtútù ló wọ̀ nígbà tí òógùn bò wá ní Akpakpa. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà há ara wa mọ́ iwájú ẹ̀rọ kan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí olúkúlùkù sọ ohun tó ti kọ sínú ìwé náà rí, a sì sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Kí ló wá dé tí gbogbo yín fi kọ gbólóhùn kan náà?"

Dírẹ́tọ̀ wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà rú lójú. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa bá mi jiyàn ni?"

Ọmọbìnrin náà tẹrí ba. Nígbà tó gbé ojú sókè, ojú tì í. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Nílé bàbá mi náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n níbí, ọ̀rọ̀ nìkan ni mò ń rí. Mi ò rí ewú orí yín."

Èébú ti kún ẹnu mi fọ́fọ́. Mo ní, "O ti ilẹ̀kùn, o fi irọ́ sínú ilé wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí. "Mo ṣe bẹ́ẹ̀."

Ì bá rọrùn fún mi ká ní ó jiyàn, kí n lè rí ẹni bú. Kò jiyàn. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó ṣí ọ̀nà fún wa, ó wá ìwé àròsọ yẹn títí kò rí i, ó yọ gbólóhùn méjèèjì, ó sì dínà mọ́ ẹni tó kọ ọ́. Dírẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé láti ìsinsìnyí lọ, òun ni yóò máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì tún torí ọ̀rọ̀ òun gbé tirẹ̀ mì. Ó kọ́kọ́ ṣòro fún wa. Ní Sátidé àkọ́kọ́, gbogbo wa kàn ń wo ara wa ni.

Ọjọ́ ìtọrọ ti kọjá ní tirẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n wá sílé mi: àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó, ìyá àgbà kan nínú ẹbí wọn, àti ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé àpò èso kan dání, ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ọsàn. Ẹ̀rín kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Àbúrò mi wà nílé, ó gbé omi fún wọn, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"A ti rí i," ni àbúrò bàbá náà wí. "Wọ́n ti yọ ọ́. A kúkú ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ká wá dá ọjọ́ mìíràn."

Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ìbínú tí mo ti ń gbé kiri rọ̀ lára mi bí ẹrù tí wọ́n báni sọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún wọn: bí ìwé yẹn kò ṣe sí láyé, bí gbogbo àdúgbò ṣe jọ tẹ ìlú dó, bó ṣe jẹ́ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹnì kankan kò ra baba wa rí. Mo ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni àbúrò mi wí. "Mo ní ìbéèrè kan. Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

Àbúrò bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣebí a ti ní kì í ṣe òótọ́."

"Mo gbọ́, bàbá. Mo ní tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

Àbúrò bàbá náà kọ́ ni àbúrò mi ń wò. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ ló ń wò. Ó wò ó pẹ́ títí, pẹ̀lú ojú tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ láìlanu. Ọkùnrin náà yí ife omi rẹ̀ po lọ́wọ́. Ó gbé ojú sókè sí àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀.

Mo rántí gbogbo ohun tí mo ti kọ, lórí ojú-ewé ìjíròrò, nínú lẹ́tà, ní ẹnu. Ẹ̀rí lórí ẹ̀rí pé a kì í ṣe ọmọ ẹrú. Kò sí ibì kan, àní ẹyọ ibì kan, tí mo ti kọ ọ́ pé bí a bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹrú, kí ló burú nínú rẹ̀? Inú wá bí mi sí wọn, ó bí mi sí ẹni tó kọ irọ́, ó sì bí mi sí ara mi jù.

Àbúrò mi dìde. Ó gbé àpò èso náà láti orí tábìlì, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó rọra gbé e sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá, mà. Ẹ bá wa gbé e padà sílé."

Ìyá náà wo àpò, ó wo àbúrò mi. Àbúrò bàbá kùn sínú, ó gbá aṣọ rẹ̀ jọ, ó dìde. Nígbà tó dìde tán ni ọkùnrin náà tó dìde.